Òwúrọ̀ ti padà: bí a ṣe ń tún ọ́kíìdì gbìn lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbin ọ́kíìdì (orchid), ewéko olódòdó, rí kí iṣẹ́ tó gba gbogbo ọjọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ jáde kílẹ̀ tó mọ́, ẹ wọlé lẹ́yìn tí oòrùn ti wọ̀, ọjọ́ Sátidé nìkan lẹ ń rí ewéko yín. Bí ẹ bá sì rí i, àánú rẹ̀ á ṣe yín, ẹ ó da omi ọ̀sẹ̀ kan lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ ló ti jẹrà. Ẹni tó bá fẹ̀yìntì ti gba òwúrọ̀ rẹ̀ padà, òwúrọ̀ yẹn gan-an ni ọ́kíìdì ń fẹ́. Kò fẹ́ iṣẹ́ púpọ̀. Ó fẹ́ ojú tí yóò máa wò ó lójoojúmọ́, àti ọwọ́ tó mọ ìgbà tí kò yẹ kó ṣe nǹkan kan.

Mo ń kọ èyí fún ẹni tó ń gbé ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo, Èkó tàbí Kútọnu, níbi tí ooru kò ti ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó fẹ̀yìntì sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò rí tirẹ̀ níbi tí mo ti sọ̀rọ̀ Phalaenopsis, ọ̀kan nínú irú ọ́kíìdì tó wà.

Ibi tí yóò gbé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá

Ẹ má tíì ra ohunkóhun. Ẹ gbé àga sí fàráńdà tàbí ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀, kí ẹ máa wo ibi tí oòrùn ń bà láàárín aago méje sí mẹ́wàá. Oòrùn àárọ̀ láti ìlà-oòrùn ló dára jù, torí kò tíì gbóná tó ohun tó ń sun ewé. Láti aago mọ́kànlá lọ, ó gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ibòji. Bí igi kò bá sí nítòsí, nẹ́ẹ̀tì dúdú tí àwọn àgbẹ̀ fi ń bo ọgbà ìrúgbìn dára. Èyí tó ń dí nǹkan bí ìdajì oòrùn lẹ máa béèrè.

Ẹ kan pẹpẹ tó ga dé ìbàdí. Ẹ̀yìn àti orúnkún wa kò gba ìbẹ̀rẹ̀ mọ́, ohun tí èèyàn bá sì ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó rí, kì í pẹ́ tó fi ń fò ó. Pẹpẹ tún ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba abẹ́ ìkòkò kọjá, kì í sì í rọrùn fún ìgbín láti gun un. Ẹ jìnnà sí ilẹ̀ kọnkéré, ooru ọ̀sán máa ń jáde lára rẹ̀ títí di alẹ́.

Ohun kan wà tí ìwé àwọn òyìnbó kì í sábà mẹ́nu bà, torí iná wọn kì í lọ: èéfín jẹnẹrétọ̀. Gáàsì kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ethylene, tó ń mú kí ìrudi òdòdó pọ́n kó sì já bọ́ láìtíì là. Gáàsì yẹn kan náà ló ń jáde lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti máńgòrò tó ń pọ́n. Nítorí náà, bí ẹ bá gbé ọ́kíìdì tó fẹ́ yọ òdòdó wọ pálọ̀, ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n èso, ẹ má sì jẹ́ kí fèrèsé ibẹ̀ dojú kọ jẹnẹrétọ̀, yálà tiyín tàbí ti ará ilé kejì.

Èwo ni kí a rà?

Dendrobium. Mo mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ gbọ́ kọ́ nìyẹn, torí Phalaenopsis aláwọ̀ funfun tó tẹ̀ kọrọdọ ló wà nínú àwòrán gbogbo. Ṣùgbọ́n Phalaenopsis kì í ta ọ̀pá òdòdó bí ooru bá ti ń ju nǹkan bí 28°C lọ nígbà gbogbo. Òtútù díẹ̀ lóru ló ń jí i. Èyí tí ẹ rà ní Èkó, ibi tútù ni wọ́n ti tọ́ ọ títí ó fi yọ òdòdó. Yóò lo oṣù méjì tàbí mẹ́ta pẹ̀lú òdòdó yẹn, lẹ́yìn náà yóò kàn máa yọ ewé lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ ó sì máa rò pé ẹ̀bi yín ni. Ní Jos, tó ga tó nǹkan bí mítà 1,200 sókè òkun, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ní Ìbàdàn, òru ọyẹ́ lè ràn yín lọ́wọ́ bí ẹ bá gbé e sí ìta lábẹ́ ibòji, kí ẹ sì máa fi omi rin àyíká rẹ̀ torí ọyẹ́ gbẹ púpọ̀.

Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀n ni Phalaenopsis yẹ jù. Fèrèsé tó kọjú sí ìlà-oòrùn, kí ó jìnnà sí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, kí òru rẹ̀ wà ní 16 sí 18°C fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nígbà tí ewé igi bá ń wọ́. Bí òdòdó bá ti tán, ẹ gé ọ̀pá rẹ̀ díẹ̀ sókè oríkèé kejì tàbí ìkẹta láti ìsàlẹ̀. Ó sábà máa ń yọ ẹ̀ka míì níbẹ̀.

Ní tiwa, àwọn Dendrobium tí wọ́n ń tọ́ ní Thailand àti Singapore fẹ́ràn ooru àti ọ̀rinrin bíi tiwa. Vanda náà fẹ́ ẹ, ó sì fẹ́ ìmọ́lẹ̀ jù ú lọ. Singapore fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà tó pín ayé sí méjì gan-an, ọ́kíìdì sì ni òdòdó orílẹ̀-èdè wọn láti 1981: Vanda Miss Joaquim, tí obìnrin ìran Armenia kan, Agnes Joaquim, mú jáde nínú ọgbà rẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 1893. Ọgbà ẹ̀yìnkùlé ni, kì í ṣe yàrá ìwádìí. Fún ẹni tó fẹ́ gbìn ín sílẹ̀ẹ́lẹ̀, Spathoglottis ni kó wá. Òun nìkan nínú gbogbo àwọn tí mo dárúkọ yìí ni kò kọ erùpẹ̀.

Ẹ ra èyí tó ti dàgbà tó láti yọ òdòdó. Èso ọ́kíìdì kéré bí ekuru, kò sí oúnjẹ nínú rẹ̀. Nínú igbó, olu tíńtín kan ló ń bọ́ ọ kó tó lè hù. Ní 1922 ni Lewis Knudson, onímọ̀ ewéko ará Amẹ́ríkà, fi hàn pé a lè fi ṣúgà àti àwọn èròjà míì rọ́pò olu náà nínú ìgò. Iṣẹ́ yẹn dára, ṣùgbọ́n ó ń gba ọdún púpọ̀ kí òdòdó tó jáde. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ máa ṣe é.

Lọ́dọ̀ olódòdó

Gbòǹgbò ni kí ẹ wò kí ẹ tó wo òdòdó. Kí ó le lọ́wọ́, kí ó funfun tàbí kó ní àwọ̀ ewé. Èyí tó pọ́n bí omi tíì, tó sì ń tẹ̀ bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ti jẹrà. Ẹ yí ewé rẹ̀ wò lẹ́yìn bóyá kòkòrò wà níbẹ̀, kí ẹ sì mú dígí ìkàwé yín lọ. Méjì tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì kì í yára bí ìfẹ́ ọkàn, Dendrobium méjì tó sì wà dáadáa yóò kọ́ yín ní ohun tí ogún kò lè kọ́ yín.

Bí ọmọ bá sọ pé òun fẹ́ kó ọ́kíìdì sínú àpótí bọ̀ láti òkè òkun, ẹ ní kó dúró ná. Gbogbo ẹ̀yà ọ́kíìdì ló wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní Washington ní 1973, Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀. Ewéko yòówù gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí ìlera láti orílẹ̀-èdè tó ti ń bọ̀, NAQS, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń yẹ ewéko àti ẹran wò, ló sì ń yẹ̀ ẹ́ wò níbí. Èyí tí wọ́n hù nínú ìgò tí a dì pa kò nílò ìwé CITES, àmọ́ ìyẹn kò yọ ọ́ kúrò lábẹ́ àyẹ̀wò NAQS. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn kí ọmọ tó wọ bàálù.

Ti inú igbó wa

Ọ́kíìdì tiwa ń bẹ. Ansellia africana ni mo fẹ́ràn jù: ó ń gbé orí igi ńlá, ọ̀pá rẹ̀ pọ̀ bí ìdì ìrèké, òdòdó rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ pẹ̀lú àmì àwọ̀ ilẹ̀ bíi ti ẹkùn. Erékùṣù Fernando Po, tí wọ́n ń pè ní Bioko báyìí, ni John Ansell ti rí i ní 1841, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́. Díẹ̀ nínú gbòǹgbò rẹ̀ máa ń dúró ṣánṣán sókè, wọ́n á máa gba ewé tó bá já bọ́, ibẹ̀ ló ti ń rí oúnjẹ.

Àwọn tó ń tọ́jú oko kòkó máa ń fi ọ́kíìdì àti àfòmọ́ sínú ẹjọ́ kan náà, wọ́n á sì fi àdá gé méjèèjì kúrò. Àfòmọ́ ń wọnú igi lọ láti mu oje rẹ̀. Ọ́kíìdì kàn jókòó lórí èèpo igi ni, omi òjò àti ìdọ̀tí tó bá dúró níbẹ̀ ló ń jẹ, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ igi. Mi ò fara mọ́ kí ẹnikẹ́ni wọ igbó lọ já a. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gé igi lulẹ̀ ní oko ẹbí, tàbí tí ẹ̀ka ńlá wó nígbà ìjì, ẹ bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ẹ sì gbé e kí oòrùn tó pa á. Ẹ gé ẹ̀ka igi náà mọ́ ọn, ẹ má fa gbòǹgbò rẹ̀ ya.

Gbígbìn

Erùpẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kàn án, àyàfi Spathoglottis. Gbòǹgbò ọ́kíìdì orí igi ní awọ funfun tó nípọn lára, ó ń fa omi mu bíi kànrìnkàn, lẹ́yìn náà ó gbọ́dọ̀ rí afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá bò ó mọ́ inú ilẹ̀, kò ní mí.

Gbogbo ohun tí ẹ nílò wà lọ́jà. Èédú igi líle ni àkọ́kọ́: ẹ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ tó tó àtàǹpàkò, ẹ sì fi omi ṣan ẹ̀tù rẹ̀ kúrò. Èkejì ni èèpo òde àgbọn, èyí tó ní okùn-okùn. Ẹ gé e sí ègé, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ máa da omi pupa rẹ̀ nù kí ẹ tún òmíràn bù sí i, nítorí iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àpáàdì fún ìsàlẹ̀ ìkòkò. Fún Dendrobium, mo máa ń lo ìwọ̀n èédú méjì sí ìwọ̀n èèpo àgbọn kan. Níbi tí òjò ti pọ̀ gidigidi, bí etí òkun, ẹ dín èèpo àgbọn kù, tàbí kí ẹ yọ ọ́ pátápátá.

Ìkòkò kékeré ni kí ẹ lò, èyí tó jẹ́ pé ìka méjì péré ló kù láàárín ewéko àti etí rẹ̀. Èyí máa ń ya àwọn tó mọ ẹ̀fọ́ gbìn lẹ́nu. Ìkòkò ńlá ń fi omi pamọ́ sí àárín, ibẹ̀ sì ni jíjẹrà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ lu ihò sí ìdí àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn gbígbìn, ẹ fi ọ̀pá kékeré tì í, kí ẹ so ó kó má mì, torí ṣóńṣó gbòǹgbò tuntun rọrùn láti ṣẹ́. Vanda kò fẹ́ ohunkóhun nínú ìkòkò. Ẹ gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ onígi, ẹ so ó kọ́, kí gbòǹgbò rẹ̀ máa fì.

Ẹ tún un gbìn ní bíi ọdún méjì síra, nígbà tí èéhù tuntun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ gbòǹgbò kéékèèké. Lọ́dọ̀ wa, ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni ó sábà máa ń bọ́ sí. Ọ̀pá Dendrobium tó ti wọ́wé tó dúró lásán, ẹ má gé e. Oúnjẹ ọ̀pá tuntun wà nínú rẹ̀, ó sì tún lè yọ òdòdó. Nígbà míì, ọmọ kékeré kan máa ń hù lára irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀. Bí gbòǹgbò ọmọ náà bá gùn tó sẹ̀ntímítà 5, ẹ yọ ọ́, ẹ gbìn ín sí ìkòkò tirẹ̀, kí ẹ sì fi ta ọ̀rẹ́ lọ́rẹ.

Omi

Ọ̀rọ̀ tó ń pa ọ́kíìdì jù rèé. Ẹ máa wo gbòǹgbò. Bí ó bá funfun bí eérú, ó ti gbẹ. Bí ó bá ní àwọ̀ ewé, omi ṣì wà lára rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ kò bá hàn síta, ẹ gbé ìkòkò rẹ̀ wò lọ́wọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ yín yóò mọ ìwúwo èyí tó ti gbẹ yàtọ̀ sí èyí tí kò tíì gbẹ.

Bí àsìkò bá tó, ẹ da omi sí i títí yóò fi máa ṣàn jáde nísàlẹ̀. Ìwọ̀n ife kékeré lójoojúmọ́, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe, kò fún un ní omi tó, kò sì jẹ́ kó gbẹ. Àárọ̀ ni kí ẹ ṣe é, kí ewé lè gbẹ kílẹ̀ tó ṣú. Bí omi bá dúró sí àárín ewé Phalaenopsis, ẹ fi tíṣù nù ún kúrò.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, Dendrobium inú èédú lè fẹ́ omi ní ọjọ́ méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta. Vanda tí gbòǹgbò rẹ̀ wà níta fẹ́ ẹ lójoojúmọ́, nígbà ọyẹ́ ó lè jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ tò wọ́n súnmọ́ ara wọn nígbà yẹn, kí ẹ máa da omi sílẹ̀ ní abẹ́ pẹpẹ, kí afẹ́fẹ́ àyíká wọn má gbẹ jù. Nínú òjò, ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Bí òjò bá rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan láìdá, ẹ sún Phalaenopsis àti àwọn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn sábẹ́ òrùlé. Ìsinmi òjò inú oṣù kẹjọ máa ń tan èèyàn jẹ: ojú ọ̀run ṣú, ilẹ̀ tútù, síbẹ̀ inú apẹ̀rẹ̀ Vanda ti gbẹ.

Omi òjò ló dára jù. Ẹ jẹ́ kí òjò fọ ekuru orí páànù lọ ná kí ẹ tó gbé dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ rẹ̀, ẹ sì bò ó nítorí ẹ̀fọn. Omi kànga ẹlẹ́rọ ní iyọ̀ ní àwọn ibì kan. Bí ẹ bá rí ìpẹ́pẹ́ funfun lára ìkòkò, ẹ ti mọ̀ nìyẹn.

Ìmọ́lẹ̀ àti oúnjẹ

Ewé ni yóò sọ fún yín. Èyí tó dúdú, tó rọ̀, tó sì lẹ́wà lójú, ebi ìmọ́lẹ̀ ń pa á, kò ní yọ òdòdó. Àwọ̀ ewé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ́n díẹ̀ ni ẹ ń wá. Bí ó bá ń pupa létí, ìmọ́lẹ̀ ti tó ìwọ̀n. Bí ó bá ní ojú funfun tàbí dúdú tó gbẹ, ó ti jó. Ẹ fọwọ́ kan ewé lọ́sàn-án: bí ó bá gbóná, ẹ fi kún ibòji.

Ajílẹ̀ kò le. Ẹ wá 20-20-20 tó ń yòrò sínú omi, ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì sínú lítà 4, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ nígbà tó bá ń yọ èéhù tuntun. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ fi omi lásán ṣan ìkòkò dáadáa, kí iyọ̀ ajílẹ̀ má dúró sára èédú. Ajílẹ̀ oníhóró tí ẹ ń wọ́n sí àgbàdo yóò jó gbòǹgbò rẹ̀.

Kòkòrò àti jíjẹrà

Bí èèrà bá ń gun ewéko lọ sókè sódò, ẹ wá ohun tó ń wá níbẹ̀. Ó sábà máa ń jẹ́ kòkòrò funfun tó dà bí òwú, tàbí èyí tó lẹ̀ mọ́ ewé bí èépá. Ẹ fi òwú rẹ sípíríìtì kí ẹ nù ún kúrò, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan torí ẹyin yóò ti pa. Òróró dóńgóyárò tí a pò mọ́ omi ọṣẹ díẹ̀ dára pẹ̀lú, àmọ́ kí ó jẹ́ ìrọ̀lẹ́, kí oòrùn má bàa sun ewé tó ní òróró lára. Ìgbín kéékèèké (kì í ṣe èyí tí a ń fi se ọbẹ̀) máa ń jẹ ṣóńṣó gbòǹgbò lóru. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ lọ ṣa wọ́n.

Nínú òjò, bí ojú dúdú olómi bá ń ràn kíákíá lára ewé tàbí ọ̀pá, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ gé e kúrò, kí ẹ gé wọ ibi tó ṣì dára díẹ̀, ẹ bu ìyẹ̀fun sínámónì sójú ọgbẹ́ kó gbẹ, ẹ sì gbé ewéko náà kúrò láàárín àwọn yòókù. Kí sínámónì má kan gbòǹgbò, ó ń gbẹ ẹ́. Abẹ fẹ́lẹ́ kan fún ewéko kan, lẹ́yìn náà ẹ jù ú nù. Àwọn fáírọ́ọ̀sì kan wà tí kò ní oògùn, abẹ tó ti ara ọ̀kan bọ́ sí ara èkejì ló sì ń gbé wọn kiri.

Nígbà tí ẹ bá rìnrìn àjò

Ọmọ bímọ sí Lọ́ńdọ̀n, màmá gbọ́dọ̀ lọ wẹ ọmọ, oṣù mẹ́ta nìyẹn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ọ́kíìdì àgbàlagbà ti ń kú nìyí, ó sì ní ojútùú: ẹ so àwọn tó lágbára mọ́ igi.

Ẹ ṣe é ní oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, kí gbòǹgbò tuntun lè di igi mú kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Máńgòrò, píà, ọsàn àti ọ̀pẹ dára. Gúáfà kò dára, ó máa ń bó èèpo rẹ̀ sílẹ̀, ọ́kíìdì yóò sì bá a bọ́. Ẹ wá ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ìlà-oòrùn, níbi tí ewé igi kò ti ṣókùnkùn jù, ní ìwọ̀n ojú yín kí ẹ má bàa gun àkàbà. Ẹ tẹ́ èèpo àgbọn díẹ̀ sábẹ́ gbòǹgbò, kí ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn obìnrin ń wọ̀ dì í mọ́ igi gbọn-in. Lẹ́yìn ọdún kan, kò ní nílò okùn mọ́. Láàárín òjò, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ní láti ṣe sí i.

Bí ẹ bá lè yan àsìkò ìrìn àjò, ẹ yan ìgbà òjò. Bí ó bá bọ́ sí inú ọyẹ́, ẹ wá ọ̀dọ́ kan ládùúgbò, ẹ pè é wá kó wo bí ẹ ṣe ń bomi rin wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ẹ lẹ ìwé mọ́ ìkòkò kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ wo, báwo ni gbòǹgbò rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ rí kó tó bomi rin ín. Ẹ kó ajílẹ̀ pamọ́ kí ẹ tó lọ, ẹ má fi sójú rẹ̀. Ẹ sọ fún un kó má ṣí ìkòkò kankan nípò, kó má sì ro pé òun ní láti múnú yín dùn. Bí òjò bá rọ̀, kó padà lọ sùn.